Bí Mo Ṣe Wọ Igbó A-wí-má-gbọ́ Nítorí Ohùn Tó Sọnù Nínú Kọ̀ǹpútà Morádéyọ̀

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará Ìdóòsùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn kó bọ́ síwájú, ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà kó rọra jẹ ẹ́, nítorí ìtàn ìdákẹ́jẹ́ ni mo gbé wá lónìí, ariwo èèpo ẹ̀pà sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí ọmọ Akínlàjà, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárò ara rẹ̀. Mo ti wọ igbó tí igi rẹ̀ ń rìn. Mo ti sun oorun ọ̀sán lábẹ́ àpáta tó ń mí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo igbó tí mo wọ̀ láyé mi, èyí tó jìn jù lọ kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà ọ̀fun kéré, odindi oko ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ mọ Morádéyọ̀, ọmọ Àṣàbí ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni àìsàn gba ojú rẹ̀, láti ìgbà náà kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ṣùgbọ́n orí tó gba ojú fi etí dí i fún un. Olùkọ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì dá lórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣí bí ìwé. Línúùsì ni orúkọ ètò tó ń darí inú ẹ̀rọ náà, bí baálé ṣe ń darí agboolé. Ẹ̀rọ yìí a máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó bá tẹ̀, ẹ̀rọ á pè é sókè. Ìwé tí ẹnikẹ́ni bá kọ ránṣẹ́ sí i, ẹ̀rọ á kà á sí i létí.

Ohun tó ṣe iyebíye jù nínú rẹ̀ ni ohùn Àṣàbí, tí Morádéyọ̀ gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ìyá náà tó papò dà. Bí ìyá ẹlòmíràn bá kú, fọ́tò ni wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Morádéyọ̀ kò rí ojú ìyá rẹ̀ rí. Ohùn yẹn ni fọ́tò tirẹ̀. Bó bá jí láàárọ̀, òun ló kọ́kọ́ ń gbọ́ kó tó bọ́jú.

Lọ́jọ́ kan, ìrì kò tíì gbẹ, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ ọ̀nà wá sílé mi.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ Àṣàbí. Kí ló lé ọ jáde báyìí?"

"Ẹ̀rọ mi ti yadi."

Ó jókòó sórí pẹpẹ, ó gbé ọ̀pá lé itan. "Mo pa á, mo tún un tàn, kò fọhùn. Mo fọwọ́ tọ wáyà sípíkà láti ìdí dé orí, ó wà ní àyè rẹ̀. Mo fọwọ́ kan sípíkà náà fúnra rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná wà lára rẹ̀. Ó wà láàyè, Bàbá. Kò kàn sọ̀rọ̀ ni. Ganíyù tó ń tún fóònù ṣe ní oríta wá wò ó lánàá. Ó ní ọ̀nà tí òun mọ̀ ni kí òun nu inú rẹ̀ mọ́ pátápátá, kí òun fi ètò tuntun sí i. Mo ní ohùn ìyá mi ńkọ́? Ó ní òun kò lè ṣèlérí. Ọ̀sán òní ló ń padà bọ̀."

"O sì gbà?"

"Kí ni kí n ṣe? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ ṣe ìdánwò, ẹ̀rọ tó yadi kò lè bá mi ka iṣẹ́ wọn." Ó fọwọ́ kan orúnkún mi. "Bàbá, mo mọ ọ̀nà inú ẹ̀rọ náà bí mo ṣe mọ inú yàrá mi. Ojú tí n ó fi rí ohun tó ń kọ ni n kò ní. Ẹnu tó máa ń kà á fún mi ló yadi yìí. Ẹ wá bá mi fi ojú yín rìn ín."

Ẹ̀yin ará mi, ṣé èmi ni wọ́n ń bẹ̀ kí n tó wọ igbó? Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ìwé ńkọ́? Mo kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà! Bí wọ́n bá dojú lẹ́tà kodò, n ó kà á. Bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, n ó kà á.

Ó mú mi jókòó síwájú ẹ̀rọ náà nínú yàrá rẹ̀, òun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìka rẹ̀ lórí àwọn bọ́tìnnì. Ó tẹ nǹkan kan. Ojú ẹ̀rọ di dúdú bí ìsàlẹ̀ kànga, ohun funfun kékeré kan sì ń ṣẹ́jú láàárín rẹ̀.

"Ẹ tẹjú mọ́ ọn," ó ní. "Ẹ má wo ibòmíràn."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ohun funfun náà ń là, ó ń pa, ó ń là, ó ń pa, bí tanátaná nínú koríko. Ojú mi wúwo. Àga fúyẹ́ lábẹ́ mi. Nígbà tí n ó fi mọ̀, ara mi nìkan ló kù lórí àga. Èmi Ọdẹ́gbàmí ti dúró láàárín igbó, ìbọn mi ní èjìká, fìlà mi lórí.

Igbó A-wí-má-gbọ́ nìyẹn. Òkùnkùn rẹ̀ kì í bani lẹ́rù; ó rọ̀, ó dà bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Igi rẹ̀ ga, ewé wọn funfun, ewé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ lẹ́tà. Òjò ń rọ̀, mo rí i tó ń kán, n kò gbọ́ ọ. Ẹyẹ kan la ẹnu, ọrùn rẹ̀ ń wú, ó ń fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ kọrin, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo pàtẹ́wọ́: ó dà bí ìgbà tí òwú pàdé òwú. Mo pe orúkọ ara mi. Orúkọ náà jáde lẹ́nu mi bí èéfín àárọ̀ ọyẹ́, ó di lẹ́tà funfun, ó dúró díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó sì ṣí lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn: a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, rírí là ń rí i.

Mo gbójú sókè. Lẹ́tà ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí lékeléke tó ń lọ sílé: *Bàbá, ṣé ẹ ti wọlé?* Morádéyọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta.

"Mo ti wọlé," ni mo wí. Ẹnu mi tó wà lórí àga ló wí i, ó sì gbọ́ ọ. Báyìí ni a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ títí: òun ń kọ, èmi ń wí.

N kò rìn jìnnà kí n tó dé ibi géètì irin kan. Ọkùnrin tó dúró níbẹ̀ ga bí ọ̀pẹ, ikùn rẹ̀ rí bí ìkòkò, kò sì ní etí kankan.

"Ta nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó tóbi bí ewé kókò.

Mo na ọrùn. Mo sọ ti ẹfọ̀n tí mo pa, mo sọ ti ẹkùn tó kí mi kú iṣẹ́, mo sọ ti òkè tó yà fún mi lọ́nà. Lẹ́tà mi pọ̀ títí wọ́n fi bo géètì náà. Ó ń yán, ó fi ọwọ́ gbá wọn sẹ́yìn.

"N kò bi ọ́ léèrè ohun tí o pa. Àṣẹ ta lo fi wá?"

"Àṣẹ onílé ni."

"Onílé ní ọ̀rọ̀ kan tí ó fi pamọ́ sọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ náà dà?"

Mo ké sí Morádéyọ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà láti ìta, ṣùgbọ́n lẹ́yọ lẹ́tà kan kò hàn lójú ọ̀run. Atẹ́gùn kan ṣá ló fẹ́ kọjá létí mi, ó wọ ẹnu oníbodè, ó gbé e mì. Ó fọwọ́ pa ikùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, géètì sì ṣí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin olófòófó wọ̀nyí. N kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹyìn kì í bọ́ lẹ́nu ahun.

Lẹ́yìn géètì ni Ìlú àwọn Dẹ́rẹ́bà wà. Gbogbo ohun tó wà lára kọ̀ǹpútà ló ní dẹ́rẹ́bà tirẹ̀ níbẹ̀; ohun tí kò bá ní dẹ́rẹ́bà, irin lásán ni. Lẹ́tà sọ̀kalẹ̀ wá: *Bàbá, ẹ wá dẹ́rẹ́bà ohùn. Bó bá ti kú, tàbí tó ti sá lọ, ọ̀rọ̀ wa ti bàjẹ́.* Mò ń béèrè láti ọ̀dọ̀ ẹni kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, títí wọ́n fi nàka sí arákùnrin kan tó wọ ṣòkòtò kúkúrú, tó ń fi kànìnkànìn fọ ọkọ̀ gbọọrọ kan.

"Ṣé ìwọ ni dẹ́rẹ́bà ohùn?"

Kò wojú mi. "Bí ẹ bá já àlọ́ mi, èmi ni. Bí ẹ kò bá já a, mò ń fọ ọkọ̀. Mò ń gbé ẹrù tí kò wúwo, mò ń gbé e fún ẹni tí kò lọ́wọ́, ó sì ń gbà á. Kí ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbí, ẹ rò ó wò. Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Mo fi ìdí ìbọn họ ilẹ̀, mo ro ti alágbàro, mo ro ti òjò, ti òórùn ọbẹ̀. Nígbà náà ni mo rántí ọmọ tó ń dúró dè mí níta, bó ṣe máa ń yí orí díẹ̀ bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ohùn ni ẹrù rẹ," mo ní. "Etí ni kò lọ́wọ́ tó ń gba nǹkan."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ju kànìnkànìn sínú korobá. "Bàbá, èmi kò ṣàárẹ̀, ọkọ̀ mi kò sì bàjẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé ẹrù. Ìyá tó wà ní oríta ló ń sọ ibi tí n ó gbé e lọ. Ẹ lọ bá a."

Ìyá náà jókòó sórí òkúta níbi tí ọ̀nà ti pín, irun rẹ̀ funfun, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀nà apá òsì láìsinmi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Níbo ni ọ̀nà òsì yìí lọ?"

"Ilé tẹlifíṣọ̀n."

"Ọ̀nà ọ̀tún ńkọ́?"

"Ilé sípíkà."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi darí ẹnikẹ́ni sí ọ̀tún?"

"Ọmọ mi, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni mò ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Wọ́n fi wáyà so tẹlifíṣọ̀n ńlá mọ́ ilé yìí, wọ́n ní òsì ni kí gbogbo ohùn máa gbà. Kò sí ẹni tó padà wá sọ nǹkan mìíràn fún mi."

Mo pariwo ọ̀rọ̀ náà síta. Lẹ́tà dáhùn kíákíá: *Àwọn aládùúgbò ni! Ọjọ́ tí wọ́n wá wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ mi ni wọ́n so ó, wọ́n sì ti gbé tẹlifíṣọ̀n wọn lọ.*

Ọ̀rọ̀ yìí mú kí n fẹ́ rí ibi tí àwọn ohùn ń lọ. Mo gba ọ̀nà òsì. Ó pẹ́ díẹ̀, mo dé ilé ńlá kan tí kò lórùlé, tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Gbogbo ohùn tí wọ́n ti rán wá wà nínú rẹ̀, wọ́n jókòó bí èrò tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ohùn agogo kékeré wà níbẹ̀, ó ká ara rẹ̀ jọ bí ọmọ ológbò. Ìwé tí wọ́n kà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ dúró ti ògiri. Ní igun kan, obìnrin kan jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó wé gèlè aláró. Mo mọ ọrùn yẹn. Mo ṣí fìlà lórí.

*Bàbá, kí lẹ rí?*

"Mo rí i," mo ní. "Mo rí ìyá rẹ. Ohùn rẹ̀ ni."

Lẹ́yìn náà lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: *Báwo ló ṣe rí?*

Ẹ̀yin ará mi, wọ́n ti ní kí n ṣàpèjúwe ẹkùn, n kò rí i ní iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wọ́n mi. Mo ní, "Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọrùn rẹ̀ gùn bíi tìrẹ. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe. Èjìká rẹ̀ òsì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ."

*Kí ló ṣe èjìká rẹ̀?*

"Apá yẹn ló fi ń fà ọ́ rìn."

Ìkùukùu funfun kan bo inú ilé náà, bí èémí ẹni tó súnmọ́ dígí, ó tutù bí ìrì, ó sì ká kúrò.

Mo na ọwọ́ sí Àṣàbí. Kò yíjú padà, ṣùgbọ́n ó dìde, ó ń tẹ̀ lé mi. Gbogbo ohùn yòókù dìde pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a dé oríta, Morádéyọ̀ ti kọ àṣẹ tuntun ránṣẹ́ sí ìyá arúgbó. Ìyá náà kà á lójú ọ̀run, ó mi orí, ó sì yí ọwọ́ padà sí ọ̀tún. Dẹ́rẹ́bà gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé, àwọn ohùn wọlé sínú rẹ̀, ó forí lé ilé sípíkà.

Mo ti ń tún fìlà mi ṣe. Mo ti ń ro bí n ó ṣe ròyìn ara mi. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wá: *N kò tíì gbọ́ nǹkan kan, Bàbá.* Òmíràn tẹ̀ lé e: *Ganíyù ti dé. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ mu omi.*

Mo sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, mo bá a tó dúró níwájú ilẹ̀kùn ńlá méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ìbejì kan ló ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ga, wọ́n rẹwà, ṣùgbọ́n ètè wọn lẹ̀ mọ́ra pinpin, ó ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí lẹ́tà M. Ìkòkò gíga kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́sẹ̀ wọn, òfo ni méjèèjì.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn!" mo ní. Wọ́n ń wò mí. Mo halẹ̀. Wọ́n ń wò mí. Mo yìnbọn sókè: kò dún, ọta rẹ̀ rọra bọ́ sílẹ̀ bí òwú àràbà. Bí mo ṣe ń bínú ni ètè wọn túbọ̀ ń lẹ̀ mọ́ra, títí ojú wọn fi fẹ́ pa dé. Àárẹ̀ mú mi. Èmi tí mo ti ń fi ẹnu pa ẹran kí ìbọn tó dún, ẹnu mi kò wúlò mọ́.

"Morádéyọ̀," mo ní, "ó ti rẹ̀ mí. Mo rí ìbejì, ètè wọn dì. M ni ètè ẹnì kìíní, M ni ètè ẹnì kejì."

*M méjì?* Lẹ́tà náà wá pẹ̀lú ìyára, ọ̀kan ń gun ọ̀kan. *Bàbá, ẹ má bá wọn jà! M ni bọ́tìnnì tó ń pa wọ́n lẹ́nu, òun náà ló ń là á; ẹnìkan ló tẹ̀ wọ́n lẹ́nu pa. Ẹ bi wọ́n.*

Mo gbé ìbọn sílẹ̀. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ wọn, mo sì rọ ohùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló pa yín lẹ́nu mọ́?"

Ojú wọn ló dáhùn. Ọ̀rọ̀ jáde níbẹ̀ bí omijé. "A kò mọ̀ ọ́n. Ilé kún. Bọ́ọ̀lù wọlé, gbogbo ènìyàn fò sókè, ìgúnpá ẹnìkan gún wa lẹ́nu. Inú rẹ̀ ń dùn ni. Kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan."

Mo sọ èyí fún Morádéyọ̀. Ó tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo rí i tó ń bọ̀ láti òkè réré, M kan tó ń rọra fì bí ewé. Ó bà lé ètè èyí tó wà lósì, ó yọ́ kúrò níbẹ̀, ó fò lọ bà lé ti ọ̀tún. Ètè wọn gbọ̀n. Wọ́n rọ̀. Wọ́n là díẹ̀díẹ̀ bí òdòdó àárọ̀, títí ẹnu wọn fi di róbótó, bí lẹ́tà O, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè nínú ìkòkò wọn. Ó funfun nísàlẹ̀, ó di àwọ̀ ewé, ó sì pọ́n lórí bí epo. Ilẹ̀kùn ṣí. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ọkàn èmi fúnra mi, kìì, kìì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ òjò. Mo gbọ́ ẹyẹ tó ti ń kọrin láti àárọ̀. Gbogbo igbó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìró náà sì gbé mi bí odò tó kún ṣe ń gbé èèpo igi, ó gbé mi kọjá oríta, kọjá ìlú, kọjá géètì, ó sì jù mí sórí àga.

Mo lajú. Kọ̀ǹpútà ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ sínú tipẹ́. Morádéyọ̀ gbé etí lé sípíkà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ganíyù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife omi lọ́wọ́.

"Ó ti sọ̀rọ̀?" ó ní.

"Ó ti sọ̀rọ̀."

Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run. Àǹtí, n kò fẹ́ nù ún tẹ́lẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n da ohùn Màmá kọ síbòmíràn kí nǹkan mìíràn tó tún ṣẹlẹ̀." Ó yọ nǹkan kékeré kan lápò, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó sì dà á kọ.

Lẹ́yìn náà ni Morádéyọ̀ tẹ bọ́tìnnì kan.

Láti ọjọ́ tí a ti sin Àṣàbí, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu, ó ń bó ẹ̀gúsí, mo gbọ́ bí èèpo ṣe ń já. Ewúrẹ́ kan wọlé, Àṣàbí ní, "Ìwọ yìí, ṣé orí rẹ pé báyìí?" ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń pe ènìyàn lódìkejì ọgbà:

"Àjàgbé! Àjàgbé o! Oúnjẹ ń tutù!"

Oríkì mi nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Mo ti kọ́ ọmọ ọdẹ púpọ̀ ní èyí. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, mo sì ti ké: "Mò ń bọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi!"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ganíyù gbójú sílẹ̀. Morádéyọ̀ na ọwọ́, ó wá mi kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi rí apá mi dìmú.

"Ẹ wá jókòó, Bàbá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó tún pè yín."

Mo jókòó. Ó pè mí. Mo tún dáhùn.